Ẹni Tó Mú Olùtọ́jú Wá àti Nọ́ọ̀sì Tó Ń Wọlé Gbọ́dọ̀ Mọ Ara Wọn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ilé olúkúlùkù wa ni. Ọ̀rọ̀ àwọn tí à ń gbà láti tọ́jú ìyá tàbí bàbá tó ti dàgbà ni. Láyé àtijọ́, a kì í wá olùtọ́jú fún àgbà. Ọmọ wà nílé, ìyàwó ilé wà, ọmọ ọmọ wà, aládùúgbò náà wà. Bí ìyá kan bá dùbúlẹ̀ àìsàn ní Òkè-Àgbò tàbí ní Àtìkòrí, kí oòrùn tó là, ẹni márùn-ún ti yọjú. Ṣùgbọ́n lóde òní, àwọn ọmọ wà ní Èkó, àwọn mìíràn wà ní Ìbàdàn, àwọn kan ti kọjá sí London. Owó ń wọlé, ọwọ́ tí yóò gbé ìyá dìde ni kò sí.

Ohun tí púpọ̀ nínú wa wá ń ṣe ni pé a ó pe ẹ́jẹ́ǹtì kan pé kó bá wa mú ẹni tí yóò máa gbé pẹ̀lú Màmá wá. Lọ́tọ̀, a ó wá nọ́ọ̀sì, tàbí iléeṣẹ́ tó ń rán nọ́ọ̀sì wá sílé, kí wọ́n máa wo ìfúnpá, kí wọ́n máa fọ egbò, kí wọ́n máa gún abẹ́rẹ́. Ẹ́jẹ́ǹtì ò mọ nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì ò mọ ẹ́jẹ́ǹtì. Àgbà tó dùbúlẹ̀ ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ mi: ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn méjèèjì yìí máa ṣiṣẹ́ nínú ilé yín láìjẹ́ pé wọ́n ti jókòó pọ̀, tí wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tí yóò ṣe èyí àti ẹni tí yóò ṣe ìyẹn. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ẹ́jẹ́ǹtì ni ààrò kan, nọ́ọ̀sì ni èkejì, ẹ̀yin ẹbí ni ẹ̀kẹta. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ níbẹ̀, ọbẹ̀ ti dànù nìyẹn.

Ohun tí ojú wa rí ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọdún 78 ni ìyá mi wà nígbà tí rọpá-rọsẹ̀ kọlù wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì wúwo. Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ ní ọsibítù, ẹ́jẹ́ǹtì kan mú ọmọbìnrin kan wá fún wa. Ọmọ náà ní sùúrù, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún Màmá. Iléeṣẹ́ kan tó ń rán nọ́ọ̀sì wá sílé náà ń yọjú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. A rò pé gbogbo rẹ̀ ti wà létò.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, nọ́ọ̀sì sọ fún ọmọbìnrin yìí pé dókítà ti pààrọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá, pé kó má fún wọn ní ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹnu ló fi sọ ọ́, kò kọ ọ́ síbì kankan, kò sì kó oògùn àtijọ́ kúrò nílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, ẹ́jẹ́ǹtì ránṣẹ́ pe ọmọ náà pé òun ti rí iṣẹ́ tó lówó lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó mú ẹlòmíràn wá. Ẹni tuntun yìí bá páálí oògùn méjì lórí tábìlì, ó rò pé méjèèjì ni Màmá ń lò, ló bá ń fún wọn ní méjèèjì láràárọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, òòyì kọ́ Màmá bí wọ́n ṣe fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ṣubú, orí wọn sì gbá igun àga. Àwọn aládùúgbò ló sáré gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ìfúnpá wọn ti lọ sílẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Ọlọ́run ló yọ wá.

Nígbà tí a pe ẹ́jẹ́ǹtì, ohun tó sọ ni pé, "Iṣẹ́ tèmi ni kí n mú èèyàn wá. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin àti òun lẹ jọ wà ńbẹ̀." A pe ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ìyẹn náà ní, "Àwa kọ́ la gba ọmọ yẹn síṣẹ́, ẹ bi ẹni tó mú un wá." Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Àwọn méjèèjì ń gba owó nínú ilé kan náà, lórí ìyá kan náà, síbẹ̀ kò sí èyí tí ọ̀rọ̀ oògùn ìyá náà kàn nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbà ní London ló là wá lóye. Wọ́n ní níbi tí àwọn ń ṣiṣẹ́, olùtọ́jú mẹ́rin lè wọ ilé àgbà kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí iléeṣẹ́ tó gbà wọ́n síṣẹ́ sì yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò. Ẹni tó bá wọlé á kọ́kọ́ ka ohun tí ẹni tó jáde kọ sílẹ̀, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ní Amẹ́ríkà, òfin Medicare, ìyẹn ètò ìlera tí ìjọba wọn ṣe fún àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè, sọ ọ́ kedere pé bí iléeṣẹ́ ìtọ́jú inú ilé bá yá òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ mìíràn, ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú aláìsàn ni yóò sì dáhùn fún iṣẹ́ ẹni tí wọ́n yá. Bí aláìsàn náà bá wà lábẹ́ ìtọ́jú nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ yẹ iṣẹ́ olùtọ́jú wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 14. Òfin wa níbí kò tíì rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní ká má ṣe é nínú ilé tiwa.

Ìdí nìyí tí a fi pe ẹ́jẹ́ǹtì àti ọ̀gá nọ́ọ̀sì wá sílé ní ọjọ́ Sọ́ńdè kan. A ò pè wọ́n láti bá wọn jà. Àdéhùn la fẹ́ kí wọ́n ṣe.

Ohun tí wọ́n fi ẹnu kò sí

Èkíní, ìwé kan yóò máa wà lórí tábìlì Màmá, irú ìwé tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò gan-an. Orúkọ oògùn, iye rẹ̀ àti aago tí wọn ó lò ó yóò wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ tí wọ́n jẹ, ìgbọ̀nsẹ̀ àti ìtọ̀, àti iye tí ìfúnpá wọn jẹ́. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni yóò kà á, tí yóò sì kọ tirẹ̀ sí i. Bí dókítà bá pààrọ̀ oògùn, nọ́ọ̀sì ni yóò kó ti àtijọ́ kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Èkejì, ẹ́jẹ́ǹtì kò gbọ́dọ̀ mú òṣìṣẹ́ kúrò lójijì. Yóò sọ fún ẹbí àti nọ́ọ̀sì ṣáájú, ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ yóò sì jọ wà nílé fún ọjọ́ méjì, kí wọ́n lè fa iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta, nọ́ọ̀sì ni yóò kọ́ olùtọ́jú níṣẹ́. Yóò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹni tí ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ ti rọ láìfa apá náà ya. Yóò kọ́ ọ pé ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí ibùsùn, wákàtí méjì-méjì ni kí wọ́n máa yí i, kí wọ́n sì máa wo ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ bóyá awọ ibẹ̀ ti ń yí àwọ̀ padà. Ibẹ̀ ni egbò ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fún un lóúnjẹ, wọn ó gbé e jókòó dáadáa, wọn ò sì ní jẹ́ kó sùn sílẹ̀ títí nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó fi kọjá, kí oúnjẹ má baà gba ọ̀nà òdì.

Ẹ̀kẹrin, wọ́n kọ ohun tí olùtọ́jú kò gbọ́dọ̀ ṣe. Kò gbọ́dọ̀ gún abẹ́rẹ́, kò gbọ́dọ̀ fa omi síni lára, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan rọ́bà ìtọ̀ ju pé kó da ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ nù, kò sì gbọ́dọ̀ lọ ra oògùn ní kẹ́mísì fúnra rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù ẹni tí wọn ó kọ́kọ́ pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àti àwọn àmì tí kò gbọ́dọ̀ dúró de ìpè kankan: bí ẹnu bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí apá kan bá rọ lójijì, bí ọ̀rọ̀ bá ń kọ́ lẹ́nu, bí mímí bá nira. Ọsibítù ni wọn ó gbé e lọ ní wàrà-ǹ-ṣeṣà, ì báà jẹ́ òru.

Ẹ̀kẹfà ló sì dá àlàáfíà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì: iléeṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò ní fi owó tan òṣìṣẹ́ ẹ́jẹ́ǹtì sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ẹ́jẹ́ǹtì náà kò sì ní pe òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì níwájú oníbàárà. Olúkúlùkù mọ ibi tí ààlà oko rẹ̀ dé.

Ẹ̀yin ará mi, kì í ṣe àwa nìkan la jèrè rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àwọn tí ẹ́jẹ́ǹtì yìí bá mú wá kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń sá lọ, nítorí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn ló ń dá wọn lágara. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn, wọ́n ń dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa bá òun kọ́ ẹni tuntun fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó gbé e lọ sílé ẹnikẹ́ni, ó sì ń san owó rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì náà rí i pé egbò tí àwọn fọ̀ ní ọjọ́ Túsìdé kì í ti bàjẹ́ kí ó tó di Fúráìdé mọ́. Bí ilé kan bá ní àwọn ń wá olùtọ́jú, wọ́n mọ ẹni tí wọn ó júwe.

Ti Àgọ́-Ìwòyè

Ọ̀rẹ́ mi kan ní bàbá ní Àgọ́-Ìwòyè, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Àtọ̀gbẹ ń bá wọn jà, abẹ́rẹ́ insulin ni wọ́n ń gún. Ìlú tí yunifásítì ti wà láti ọdún 1982 ni Àgọ́-Ìwòyè, èèyàn ò wọ́n níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọdébìnrin tí kò ju ọdún 13 lọ ni ẹ́jẹ́ǹtì kan gbé wá pé kó máa tọ́jú Bàbá. Nọ́ọ̀sì tó ń wá síbẹ̀ ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò ní fi àgbà tó ń gún insulin sílẹ̀ sọ́wọ́ ọmọdé, pé ibi tó yẹ kí ọmọ náà wà ni iléèwé. Òótọ́ ló sọ. Láti ọdún 2003 ni Nàìjíríà ti ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé, ìpínlẹ̀ Ògùn sì sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní 2006. Wọ́n dá ọmọ náà padà fún àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì wá ọkùnrin kan tó ti lé ní ọdún 30.

Nọ́ọ̀sì jókòó ti ọkùnrin náà, ó kọ́ ọ ní ohun tó lè gba ẹ̀mí là: bí ẹni tó gún insulin kò bá jẹun lásìkò, ṣúgà ara rẹ̀ lè lọ sílẹ̀. Á máa làágùn, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè má já gaara. Bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, kí wọ́n tètè fún un ní ṣúgà nínú omi tàbí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà, lẹ́yìn náà kó jẹun. Bó bá ti dákú, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ da nǹkan sí i lẹ́nu, ọsibítù ló kàn. Ẹ́jẹ́ǹtì tí kò mọ nọ́ọ̀sì kò lè mọ̀ pé irú ẹ̀kọ́ yìí wà, kò sì lè mọ irú èèyàn tó yẹ kó mú wá.

Ti Ògùn Waterside

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìhà omi, mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn tó wà lẹ́bàá títì ni mò ń sọ. Àbúrò bàbá mi kan wà ní Màkún-Omi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn Waterside. Ọmọ tí ẹ́jẹ́ǹtì mú wá láti òkè kò sùn ju òru méjì lọ, ẹ̀rù omi ló lé e padà. Nọ́ọ̀sì tó wá láti ìlú ńlá náà wá lẹ́ẹ̀kan, ó ní owó ọkọ̀ ojú omi ti jẹ èrè òun tán.

Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Ẹ́jẹ́ǹtì gbà láti wá èèyàn láàárín ìlú náà, ó sì rí opó kan tó mọ omi, tó sì mọ Bàbá láti kékeré. Dípò nọ́ọ̀sì tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, wọ́n lọ bá òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ tí wọ́n ń pè ní CHEW ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ wọn. Irú àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń kọ́ ní iléèwé ìmọ̀ ìlera ti ìpínlẹ̀ Ògùn ní Ilese-Ìjẹ̀bú. Òun ló ń wo ìfúnpá, tó ń yẹ ìwé orí tábìlì wò, nọ́ọ̀sì sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo yìn jù ni pé wọ́n ti fi owó ọkọ̀ òru sọ́wọ́ opó náà, wọ́n sì ti bá ọlọ́kọ̀ kan sọ ọ́, pé bí nǹkan bá ṣe Bàbá lóru, kó gbé wọn, kí wọ́n forí lé ọsibítù ìjọba ní Ìbíadé. Ẹni tó bá ń gbé lójú omi tí kò ṣètò ọkọ̀ sílẹ̀, kò tíì ṣètò ìtọ́jú.

Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi wọ́n

Ẹ bi ẹ́jẹ́ǹtì bóyá ó ní ìwé àṣẹ. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá sọ bíbá èèyàn wá òṣìṣẹ́ di òwò gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹ bi í nípa ìdílé ẹni tó mú wá àti oníduùró rẹ̀, kẹ́ ẹ sì pe oníduùró náà fúnra yín.

Ẹ bi nọ́ọ̀sì nípa ìwé àṣẹ tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Nursing and Midwifery Council of Nigeria, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sílẹ̀. Kẹ́ ẹ rí i pé ọjọ́ orí ìwé náà kò tíì kọjá. Òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ náà ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń pè ní nọ́ọ̀sì ọ̀zílíárì, tó jẹ́ pé inú ìyẹ̀wù ẹnìkan ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, ìgbìmọ̀ kò mọ̀ wọ́n ní nọ́ọ̀sì. Wọ́n lè wẹ àgbà, wọ́n lè fún un lóúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ má gbé abẹ́rẹ́ lé wọn lọ́wọ́.

Ẹ wá bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè kan náà: "Ta lẹ jọ ń ṣiṣẹ́?" Ẹ́jẹ́ǹtì tó bá lè dárúkọ nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀, tí nọ́ọ̀sì náà sì jẹ́rìí sí i, ti sàn ju ẹni tó ní òun lè mú èèyàn wá lọ́la lọ.

Ọ̀rọ̀ owó náà kò ṣeé fò. Ẹ fi owó oṣù olùtọ́jú lé e lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ san ti ẹ́jẹ́ǹtì lọ́tọ̀. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ gbé owó oṣù tó kéré jù lọ sí ₦70,000, ìpínlẹ̀ Ògùn sì gbé tirẹ̀ sí ₦77,000. Òfin náà kò de ilé tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, ṣùgbọ́n ẹ lè fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tó ń gbé àgbà ní òru àti ní ọ̀sán, kò yẹ kó gba ohun tí kò lè rà á lóúnjẹ, ó sì yẹ kó ní ọjọ́ ìsinmi lọ́sẹ̀. Ẹni tó ti rẹ̀ ló ń ju àgbà sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọ̀dọ́ nílé, mo ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin náà. Láti Fẹ́búárì 2022 tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fàyè gba àwọn olùtọ́jú àgbà láti òkèèrè, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló gba ọ̀nà náà lọ. Ní Máàṣì 2024, wọ́n ní kí olùtọ́jú tuntun má mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́, nígbà tó sì di Júláì 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tó fẹ́ wá síṣẹ́ ìtọ́jú láti òkèèrè. Iṣẹ́ náà wà nílé níbí. Bí ẹ́jẹ́ǹtì àti nọ́ọ̀sì bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti kọ́ ọmọ wa dáadáa, iṣẹ́ tó níyì ni.

Ẹ̀yin àgbà wa tí wọ́n ń tọ́jú, ẹ má ṣe dákẹ́. Bí oògùn tí wọ́n fún yín lónìí kò bá jọ ti àná, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó gbé e mì. Ara yín ni, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ̀yin ọmọ, kẹ́ ẹ tó san owó kankan fún ẹnikẹ́ni lóṣù yìí, ẹ pe ẹ́jẹ́ǹtì yín, ẹ pe nọ́ọ̀sì yín, ẹ fún ẹnì kìíní ní nọ́ńbà ẹnì kejì, kẹ́ ẹ sì ra ìwé kan sórí tábìlì. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí àwọn òbí wa pẹ́ fún wa nínú àlàáfíà.